Ọ̀ta Kì í Ṣe Onídán: Àyẹ̀wò Àwọn Ìdíje Efren Reyes Nínú Fọ́nrán

Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti ṣe àyẹ̀wò díẹ̀ nínú àwọn ìdíje Efren Reyes, ọmọ orílẹ̀-èdè Philippines, tí a gbà sílẹ̀ sínú fọ́nrán, kí a sì wádìí ohun tí ó sọ wọ́n di ìdíje ńlá lójú àwọn tí ó mọ eré náà. Eré tí à ń sọ ni èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní snúkà. Àwọn tí ó fẹ́ kí a máa pe nǹkan bí ó ti jẹ́ yóò sọ pé púùlù ni orúkọ rẹ̀, pé snúkà gan-an jẹ́ eré mìíràn tí tábìlì rẹ̀ tóbi ju èyí lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dé abẹ́ àtíbàbà kan ní Kétu tí ó ní púùlù ni òun wá gbá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n júwe ilé tẹ́tẹ́ fún un, nítorí pé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni púùlù ń jẹ́ lẹ́nu wa. A ó máa pè é ní snúkà.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú àwùjọ yìí yóò máa bi ara wọn léèrè pé kí ni ti snúkà ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ìbéèrè náà tọ́. Èsì wa ni pé àwọn baba wa kò fi ayò títa ṣe eré lásán. Wọ́n ní èdè lámèyítọ́ fún un. Ọ̀ta ni ẹni tí ó mọ ayò ta. Ọ̀pẹ ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, tí à ń pa ní àpatúnpa. Àwọn òǹwòran tí ó yí ọpọ́n ká kì í dákẹ́. Wọn a máa yin ọ̀ta, wọn a máa fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a sì máa dá ẹjọ́ eré náà bí ó ti ń lọ, láìdúró dìgbà tí ó bá parí. Ẹjọ́ dídá yìí ni a fẹ́ yá lò. Ìwà òǹkọ̀wé kan ni pé kò lè rí ọpọ́n ayò kí ó kọjá láìdúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn jì í.

Ìbéèrè kan ní Sangisa

Sangisa ní Kétu ni a ń gbé, kò sì sí ìrọ̀lẹ́ tí a kò ní í kọjá lára tábìlì snúkà kan tí wọ́n gbé sábẹ́ tapólì. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti ọjà Máìlì 12 dé ni wọ́n máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn mú fóònù rẹ̀ jáde ó sì fi fọ́nrán kékeré kan han gbogbo wa. Reyes ni ó wà nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù funfun rẹ̀ wà ní ibi tí kò ti rí ọ̀nà gbà lọ bá bọ́ọ̀lù tí òfin ní kí ó gbá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo etí tábìlì, ó gbá bọ́ọ̀lù funfun náà lọ lu etí kan, ó ta padà lọ lu etí kejì, ó wá bá bọ́ọ̀lù náà níbi tí ó sá pamọ́ sí, ó sì tì í wọ ihò. Ariwo sọ. Ọ̀dọ́ kan fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀.

Bàbá aránṣọ kan wà níbẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí tábìlì náà, tí òun náà a sì máa gbá a nígbà tí iṣẹ́ bá dẹwọ́. Bàbá kò pariwo. Ó ní, "Ta ni ó tì í sí kọ̀rọ̀ yẹn?"

Ọ̀dọ́ tí ó ni fóònù dáhùn pé, "Bàbá, ẹ wo ibi tí bọ́ọ̀lù gbà o jàre."

Bàbá ní, "Mo rí ibi tí ó gbà. Ẹni tí ó dínà fún un ni n kò rí."

Láti ọjọ́ náà ni a ti rí i pé gbólóhùn yìí jinlẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ohun tí a ti kà nípa Reyes lọ. Òun ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ bébà yìí. Èrò wa ni pé àwọn fọ́nrán kéékèèké tí à ń fi ránṣẹ́ sí ara wa ti sọ ọkùnrin náà di onídán, bẹ́ẹ̀ ọ̀ta ni. Ọ̀ta kò sì ṣeé mọ̀ láìwo alátakò rẹ̀, láìwo eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Òfin eré náà ní ṣókí

Snúkà tí a ń gbá ní àdúgbò wa ni èyí tí ẹnì kan ń lé bọ́ọ̀lù abìlà, tí ẹnì kejì ń lé aláìnílà, tí dúdú onínọ́ńbà 8 sì ń kẹ́yìn. Èyí tí Reyes fi lókìkí jùlọ yàtọ̀. Bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án péré ni wọ́n ń tò sórí tábìlì, láti 1 dé 9. Bọ́ọ̀lù tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù lórí tábìlì ni ọ̀pá gbọ́dọ̀ rán bọ́ọ̀lù funfun lọ kọ́kọ́ kàn, ibi yòówù kí ó wà. Ẹni tí ó bá gbá onínọ́ńbà 9 wọ ihò ni ó jẹ ìtò náà. Bí bọ́ọ̀lù funfun kò bá kan èyí tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kàn, alátakò yóò gbé e lọ sí ibi tí ó bá wù ú lórí tábìlì, yóò sì máa bá eré lọ. Láàárín àwọn akọni eré yìí, ìjìyà náà sábà máa ń pọ̀ tó ìtò kan odidi.

Nínú òfin yìí ni ìdínà ti wá. Ẹni tí kò bá rí ọ̀nà gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò kò ní í kàn gbá a lásán. Yóò fi bọ́ọ̀lù funfun pamọ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀lù mìíràn, kí alátakò má lè rí ọ̀nà. Alátakò náà, bí ó bá mọ iṣẹ́, yóò wá ọ̀nà yọ, yóò sì dínà padà. Báyìí ni wọn yóò máa ṣe é fún ara wọn, láìsí bọ́ọ̀lù kan tí ó wọ ihò, tí òǹwòran tí kò mọ eré yóò máa yán. Ọ̀ta ayò mọ ohun tí à ń wí. Ihò mẹ́fà ni tábìlì snúkà ní, ilé mẹ́fà sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn aláyò méjì ní níwájú rẹ̀. A kò fi èyí wá ìbátan kankan láàárín wọn o, ìṣekòńgẹ́ ni. Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ní tòótọ́ ni pé nínú eré méjèèjì, ohun tí o fi sílẹ̀ fún ẹnì kejì ṣe pàtàkì tó ohun tí o jẹ.

Reno, 1995

Ẹ jẹ́ kí a padà sí fọ́nrán tí a rí ní Sangisa. Ìdíje Sands Regency ti 1995 ni, ní ìlú Reno ní ìpínlẹ̀ Nevada, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Reyes àti Earl Strickland ni wọ́n pàdé ní àṣekágbá. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ ìtò 13 ni yóò borí. Wọ́n ti wà ní 12-12. Ìtò kan ṣoṣo ni ó kù láyé.

Fọ́nrán kékeré kò sọ èyí fún wa. Kò sì sọ pé kí ó tó di pé Reyes bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun àti Strickland ti ń dínà fún ara wọn lórí bọ́ọ̀lù 5, pé Strickland ni ó dínà kẹ́yìn, tí ó sì dí i dáadáa. Gbígbá tí gbogbo ayé ń yìn, èsì ni. Ẹni tí ó gbọ́ èsì tí kò gbọ́ ìbéèrè kò mọ bí èsì náà ti tó.

Ohun kejì tí fọ́nrán kékeré fi pamọ́ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí bọ́ọ̀lù 5 wọ ihò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń fi fọ́nrán yìí ránṣẹ́ a máa gé e sí ibi ariwo. Bẹ́ẹ̀, ibi tí a gé e sí yìí ni iṣẹ́ wà. Bọ́ọ̀lù funfun kò dúró níbi tí ó wù ú; ó yí lọ dúró níbi tí Reyes ti lè gbá bọ́ọ̀lù 6. Ó gbá a, ó sì kó gbogbo èyí tí ó kù títí ó fi jẹ ìtò náà àti ìdíje náà, 13-12. Bí bọ́ọ̀lù 5 bá wọ ihò, tí bọ́ọ̀lù funfun sì lọ há sí ibòmíràn, Strickland ni ìbá gba ife-ẹ̀yẹ, fọ́nrán náà ì bá sì di ti ẹni tí ó ṣe bẹbẹ tí kò borí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá oríire ni tàbí ìmọ̀, kí ó fi ojú sílẹ̀ lára bọ́ọ̀lù tí ó wọ ihò, kí ó wo ibi tí bọ́ọ̀lù funfun dúró sí. A gbà pé kò sí ẹni tí ó lè gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá kí gbogbo rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìgun etí tábìlì kì í rí oríire tí ó gún báyìí.

Lórí orúkọ Onídán

Orúkọ tí àwọn olùfẹ́ eré náà fún Reyes káàkiri ayé túmọ̀ sí Onídán. A mọ̀ pé ìyìn ni wọ́n fi ṣe. Lójú tiwa, ìyìn tí ó bu ènìyàn kù ni. Onídán ni ẹni tí ó ń ṣe ohun tí a kò lè rí ìdí rẹ̀. Bí a bá rí ìdí rẹ̀, idán bàjẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ Reyes kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a ti ń rí ìdí rẹ̀ tó ni ó ń dùn tó.

Ìdí náà kò sì fara sin. A bí i ní 1954 ní agbègbè Pampanga. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí wọ́n mú un lọ sí Manila lọ́dọ̀ arákùnrin òbí rẹ̀ tí ó ní ilé snúkà. Ibẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, orí tábìlì náà ni ó sì ń sùn sí. Kò ga tó láti gbá bọ́ọ̀lù, àpótí Kóòkì ni ó ń gùn. Ìnagijẹ rẹ̀ mìíràn, Bata, túmọ̀ sí ọmọdé ní èdè wọn, nítorí pé Efren mìíràn tí ó dàgbà jù ú lọ wà láàárín àwọn ọ̀gá eré náà. (Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa má tètè fi àmì ohùn sí i kí ó má baà di ìlù tàbí ohun tí à ń wọ̀ sẹ́sẹ̀.) Àwa tí a mọ bí ọmọ ilé Àyàn ti ń mọ ìlù kí ó tó mọ̀ pé òun ń kọ́ ọ, kò yẹ kí èyí jọ wá lójú bí idán. Lẹ́yìn èyí, Reyes tún jẹ́ ẹni tí ó ń gbá irú bíliádì kan tí tábìlì rẹ̀ kò ní ihò rárá, tí gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú bí bọ́ọ̀lù ti ń ta kúrò ní etí kan lọ sí èkejì. Ní 2019, nígbà tí ó ti pé ọmọ ọdún 65, ó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ nínú irú eré yìí ní ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Ẹni tí ó ti ibi tí kò sí ihò wá, etí tábìlì kò lè ṣàjèjì sí i. Ohun tí a pè ní idán ní Reno, ohun tí ó ń ṣe lójoojúmọ́ ni ní orí tábìlì mìíràn.

Hong Kong, 1996

Ìdíje tí ó gba àkókò wa jù ni èyí tí Reyes àti Strickland tún jọ ṣe ní Hong Kong ní 1996, tí wọ́n fi orúkọ sinimá The Color of Money sọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbá a. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ ìtò 120 ni yóò kó $100,000 lọ, ẹnì kejì kò ní í gba kọ́bọ̀. Kò tíì sí owó tí ó tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni kan ṣoṣo nínú eré náà nígbà yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀pẹ ni Strickland. Ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án ní 1990 àti 1991, ó sì tún gbà á ní 2002. Ní 1996 yìí kan náà, kí wọ́n tó dé Hong Kong, ó jẹ ìtò 11 léra wọn ní Dallas láìjẹ́ kí alátakò rẹ̀ fọwọ́ kan tábìlì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti wọ iṣẹ́, ìjókòó ni tìrẹ. Nínú ìdíje náà, ìgbà kan wà tí ó fi ìtò 17 ṣáájú Reyes.

Reyes ni ó borí, 120-117.

Ẹ jẹ́ kí a wo nọ́ńbà yìí dáadáa. Ìtò 237 ni wọ́n gbá. Mẹ́ta péré ni ó wà láàárín wọn. Bí a bá fi òǹkà nìkan ṣe ẹjọ́, a óò ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ẹni tí ó bá sì wí bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Èyí ni ó fi dá wa lójú pé títóbi ìdíje náà kò sí nínú àbájáde rẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé láti ibi tí Reyes ti wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìtò 17 dé òpin, ó fi 20 ju alátakò rẹ̀ lọ, lọ́wọ́ ẹni tí kì í fi 20 sílẹ̀ fún ènìyàn.

Báwo ni ó ti ṣe é? Ẹni tí ó bá wá idán lọ sínú fọ́nrán gígùn yìí yóò ṣòfò ọjọ́. Ohun tí a rí ni ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ kò yí padà. Bí ó bá tàsé, a họ orí, a rẹ́rìn-ín, a lọ jókòó. Strickland ní tirẹ̀, inú rẹ̀ kì í pamọ́. Bí ó bá dùn, a rí i. Bí ó bá bàjẹ́, a gbọ́ ọ. A kò fi èyí bú u, nítorí pé ìgbóná ọkàn yìí kan náà ni ó fi ń jẹ ìtò 11 léra wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta gùn. Ọ̀ta ayò a máa kó ọmọ jọ sínú ilé kan títí yóò fi di odù, yóò máa ta àwọn ilé yòókù bí ẹni pé kò rántí rẹ̀ mọ́, tí ọ̀pẹ yóò máa yọ̀ pé òun ń jẹ. Kò sí fọ́nrán kékeré tí ó lè fi odù hàn, nítorí pé àìṣe ni odù jẹ́ títí di ìgbà tí a bá tú u. Apá tí ó pọ̀ nínú ohun tí Reyes ṣe ní Hong Kong jẹ́ irú àìṣe yìí: bọ́ọ̀lù tí ó lè gbá tí kò gbá, ìdínà tí ó fẹ́ràn ju ewu lọ.

Alábàáṣiṣẹ́ wa kan tí ó ka bébà yìí kí a tó mú un wá síhìn-ín ní a ń yin ohun tí ó súni. Ó ní bí eré bá dára, apá rẹ̀ kan yẹ kí ó lè dá dúró, gẹ́gẹ́ bí òwe ti ń dá dúró láìsí ìtàn. Àtakò yìí ní agbára, a kò sì fẹ́ fojú fò ó. Lóòótọ́ ni a rí gbígbá tí ó dá dúró tí ó sì dùn ún wò, ti Reno sì jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n òwe pàápàá, ẹnu ẹni tí ó pa á àti ọ̀rọ̀ tí ó pa á lé lórí ni a fi ń mọ̀ bóyá ó bá a mu. Ẹni tí ó bá to òwe 1,000 jọ kò tíì mọ òwe pa.

Àwọn ìdíje tí a kò yẹ̀ wò pẹ́

Ó yẹ kí a dárúkọ méjì mìíràn, kí a má baà sọ pé a fojú fo wọ́n. Ní 1994, Reyes borí Nick Varner ní àṣekágbá US Open, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tí ó gba ife-ẹ̀yẹ náà. Ní 1999, ní ìlú Cardiff ní Wales, ó na Chang Hao-Ping ará Taiwan ní 17-8, ó sì di ọ̀gá àgbáyé. Lójú òpìtàn, ìdíje Cardiff ni ó ga jù. Lójú lámèyítọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí 17 bá pàdé 8, ohun tí ẹnì kan ń sọ ni à ń gbọ́, a kò gbọ́ èsì tí ó le tó láti mú un ronú. A wò ó lẹ́ẹ̀kan, a kò sì padà sí i.

Fọ́nrán tiwa

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé ju bí ó ti hàn lọ. Nígbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ohùn àwọn oníjàálá sílẹ̀, kí ni à ń ṣe sí i bí a bá délé? Òǹkọ̀wé yìí yóò jẹ́wọ́ tirẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ṣe fún oyè, oníjàálá méjì ni ó wà nínú fọ́nrán. Ọ̀kan ṣi oríkì ìdílé kan pè, èkejì já lu ohùn rẹ̀, ó sì bá a tún un ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ kò gbà. Ó gbéra láti ibòmíràn, ó sì kó oríkì tí a kò gbọ́ rí jáde láti fi dá ara rẹ̀ láre. Oríkì ìkẹyìn yìí ni a kọ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, nítorí pé òun ni ó dùn. Àṣìpè àti àtúnṣe ni a gé dànù. A yin oríkì náà ní ojú ìwé mẹ́rin, a pè é ní ọgbọ́n àtinúdá, kò sì sí ẹni tí ó ka iṣẹ́ náà tí ó lè mọ̀ pé wọ́n tì í sí kọ̀rọ̀ ni ó fi yọ. Fọ́nrán náà kò sí mọ́. A ti gba nǹkan mìíràn lé e lórí.

Àwọn Amẹ́ríkà tí ó ń gba eré snúkà sílẹ̀ ṣe é ju èyí lọ. Ilé-iṣẹ́ Accu-Stats, tí Pat Fleming dá sílẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ agbábọ́ọ̀lù lórí tábìlì, odidi ìdíje ni ó máa ń gbà sílẹ̀, àwọn tí ó sì ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ jẹ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n gbá. Wọn a bá ara wọn jiyàn. Wọn a ní ó yẹ kí ó dínà. Ẹnì kejì a ní rárá, kí ó gbá a. Nígbà tí ó bá ṣe ohun tí kò sí nínú èrò àwọn méjèèjì, wọn a dákẹ́. Àwọn wọ̀nyí ni òǹwòran tí ó yí ọpọ́n ká. Ohùn wọn jẹ́ apá kan nínú ohun tí a gbà sílẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì ń da àwọn ìdíje yìí kọ, ó yẹ kí ó da tiwọn náà kọ.

Ó ku ohun kan tí bébà yìí kò tíì ṣe, èyíinì ni àyẹ̀wò ìdínà tí Strickland fi bọ́ọ̀lù 5 ṣe ní Reno. Iṣẹ́ ńlá ni. Bí kì í bá ṣe Reyes ni ó wà níbẹ̀, ìdínà yẹn ni à bá máa yìn títí di òní. Nígbà tí a rí fọ́nrán tí ó gùn díẹ̀ gbà, a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá aránṣọ. Bàbá tẹjú mọ́ ọn. Nígbà tí Strickland gbá bọ́ọ̀lù funfun lọ sí kọ̀rọ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ tí ó dúró lẹ́yìn wa ń retí èyí tí ó kàn, Bàbá fọwọ́ kan fóònù náà ó ní kí a dá a dúró, kí a dá a padà sẹ́yìn, kí òun tún wo ti òyìnbó yẹn.